Fóònù onísíláìdì tòkunbọ̀: bí ẹ ṣe máa rà á tí kò ní já yín kulẹ̀, àti bí ẹ ṣe máa lò ó tí flex rẹ̀ kò ní tètè já

Ẹjọ́ kan náà ni gbogbo oníbàárà tó ní fóònù onísíláìdì máa ń rò tí wọ́n bá dé ìsọ̀ mi níhìn-ín ní Iléṣà. "Ẹnjiníà, ó dáa nígbà tí mo rà á o. Àmọ́ tí mo bá ti fà á sókè báyìí, ojú ẹ̀ á funfun báláú. Tí mo bá pa á dé, á tún tàn." Kí wọ́n tó sọ ọ́ tán ni mo ti mọ̀ pé flex ló ń já. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi wọ́n: báwo lẹ ṣe ń ṣí i? Wọ́n á gbé àtàǹpàkò lé àárín ojú fóònù, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń pa iná orí, wọ́n á wá tì í sókè. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Flex ni ohun pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ bíi rìbọ́ọ̀nù tó so apá òkè fóònù, níbi tí ojú rẹ̀ àti sípíkà etí wà, mọ́ apá ìsàlẹ̀ tí páńẹ́ẹ̀lì (pátákó tó ń darí gbogbo iṣẹ́ inú fóònù) àti bátìrì wà. Àwọn ìlà bàbà tín-ín-rín ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí fóònù, ó ń ká. Tí ẹ bá pa á dé, ó ń nà. Ẹ mú wáyà kan, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn lójú kan náà, ẹ ó rí i pé yóò já níjọ́ kan. Ohun tí gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ni kí ọjọ́ náà lè jìnnà, kí ó má sì jẹ́ pé èyí tó ti ń já tẹ́lẹ̀ lẹ fowó yín rà.

Ohun tí ẹ máa kó dání kí ẹ tó jáde nílé

Síìmù yín tó ń ṣiṣẹ́, tí owó wà lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti gé kékeré, ẹ wá férémù rẹ̀ tó máa dá a padà sí ìwọ̀n àtijọ́.

Ṣájà. Ọ̀pọ̀ Nokia onísíláìdì ń lo ẹnu kékeré tó jẹ́ mìlímítà 2. Samsung, LG àti Sony Ericsson ìgbà náà, kálukú ló ní ẹnu tirẹ̀.

Fóònù mìíràn tó ní tọ́ọ̀ṣì, tí ẹ ó fi wo inú, tí ẹ ó sì fi pe èyí tí ẹ fẹ́ rà.

Káàdì mẹ́mórì 2GB, bí ẹ bá ní in nílé. Ẹ má gbé 64GB lọ: ọ̀pọ̀ fóònù yìí kò mọ̀ ọ́n rárá.

Fún ìtọ́jú lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á: búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rírọ̀ tí ẹ kò fi fọ eyín mọ́, aṣọ tí kì í yọ owú, àti sípíríìtì díẹ̀. Sukudiráfà onírawọ̀ T5 àti T6 di ìgbà tí ẹ bá fẹ́ tú u.

Ẹ lọ ní ọ̀sán. Iná gílóòbù inú ìsọ̀ máa ń bo àbùkù ojú fóònù mọ́lẹ̀, àwa tí à ń tà á sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìpele kìíní: Ẹ mú èyí tó bá ìlò yín mu

Ẹwà ló ń mú wa ra síláìdì, kí n má purọ́. Bó ṣe ń sún gẹ̀rẹ̀, tó sì ń dún "tàá" tó bá pa dé, ń dùn mọ́ni nínú. Àmọ́ ìnira tó wà lẹ́yìn ẹwà kálukú wọn yàtọ̀ síra.

Nokia 8800 tó jáde ní 2005 àti Nokia 6500 slide tó jáde ní 2007, irin tí kì í dípẹtà ló wà lára àwọn méjèèjì. Ẹ gbé e lé tábìlì níbi ìnáwó, àwọn tó mọ̀ ọ́n á tún un wò lẹ́ẹ̀kejì. Ayédèrú 8800 pọ̀ lọ jàra, nítorí náà 6500 slide ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ irin. Ìwúwo rẹ̀ ni ìṣòro rẹ̀: tó bá já bọ́, ìwúwo ara rẹ̀ ló máa fi lu ara rẹ̀.

Samsung D900 tó jáde ní 2006 fẹ́lẹ́ gan-an, mìlímítà 12.9 ni gbogbo sísanra rẹ̀. Wàhálà rẹ̀ ni ṣájà. Ẹnu rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ẹ máa rí yá lọ́wọ́ aládùúgbò, ẹ má sì rà á láì gba ṣájà rẹ̀ mọ́ ọn.

LG Chocolate KG800 náà jáde fún gbogbo ayé ní 2006. Dúdú kirimú ni, bọ́tìnì ojú rẹ̀ kò yọ síta, àfi tí ẹ bá fọwọ́ kàn wọ́n ni wọ́n á ràn ní pupa. Lójú tèmi òun ló rẹwà jù. Síbẹ̀ mi ò ní rà á fún ìyá mi, torí ìka tó bá ṣèèṣì kàn án ló ń gbà bí àṣẹ.

Nokia N95, tó dé ọjà ní 2007, ọ̀nà méjì ló ń gbà ṣí. Ẹ fà á sókè, kípáàdì nọ́ńbà yọ. Ẹ fà á wá sísàlẹ̀, bọ́tìnì orin yọ lókè, ojú rẹ̀ á sì yí sí ìbú. Kámẹ́rà rẹ̀ jẹ́ mẹ́gápíksẹ̀lì 5, lẹ́ǹsì Carl Zeiss ló sì wà níbẹ̀. Ohun ìyanu ni nígbà náà. Bátìrì rẹ̀ BL-5F kò ju 950 mAh lọ (mAh ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà), nítorí náà ẹ má retí kí ó sùn kó sì jí pẹ̀lú yín bí ẹ bá ń gbọ́ orin lórí rẹ̀.

Nokia C2-03, tó jáde ní 2011, kò lẹ́wà tó àwọn yìí. Síìmù méjì ló ń gbà, bátìrì rẹ̀ sì ni BL-5C tí ẹ lè rí rà níbikíbi tí wọ́n bá ti ń ta rédíò kékeré. Bí ẹ bá ń ṣòwò, tí ẹ kàn fẹ́ síláìdì fún ìpè àti fún nọ́ńbà ilé ìfowópamọ́, èyí ni kí ẹ mú. Bí ẹ̀rù flex bá sì ń bà yín pátápátá, ẹ wá Nokia 8110 4G tó jáde ní 2018. Ìbòrí kípáàdì ló ń sún lára rẹ̀, ojú fóònù kì í kúrò lójú kan, nítorí náà kò sí flex tó ń ká lábẹ́ ojú rẹ̀.

Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á ra fóònù tó wá láti Amẹ́ríkà tí kò ní ojú síìmù rárá. Irú èyí kò wúlò fún wa, bó ti wù kó dán tó. Òmíràn ní ojú síìmù, àmọ́ ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ tà á lọ́hùn-ún ti tì í mọ́ síìmù tirẹ̀. Ìgbì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìpè ń gbà ní Nàìjíríà ni GSM 900 àti 1800. Èyí tó jẹ́ 850 àti 1900 nìkan kò ní rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan. Ẹ sì ka orúkọ tó wà níwájú rẹ̀ dáadáa. Mo ti rí NOKLA rí, ẹni tó gbé e wá kò sì mọ̀ títí mo fi nàka sí i.

Kí a sì jọ mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹ kò ní rí WhatsApp lò lórí àwọn àtijọ́ yìí. WhatsApp ti fi Symbian sílẹ̀ láti 2017, ó fi Nokia S40 sílẹ̀ ní ìparí 2018; àwọn ni ètò ìṣiṣẹ́ inú àwọn Nokia àtijọ́. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun máa fi sí i, owó yín ló ń wò.

Àyẹ̀wò: kí ẹ tó kúrò ní ìpele yìí, ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ orúkọ fóònù tí ẹ fẹ́, orúkọ bátìrì rẹ̀, àti irú ẹnu ṣájà rẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ ọ̀kan nínú mẹ́ta, ẹ kò tíì ṣetán láti ra ohunkóhun.

Ìpele kejì: Àyẹ̀wò lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, kí owó tó kúrò lọ́wọ́

Kí n tó di ẹnjiníà, mo ra síláìdì kan nílùú yìí. Ẹni tó tà á fún mi fúnra rẹ̀ ló ń ṣí i, tó ń fi hàn mí: kámẹ́rà rè é, orin rè é. Àtàǹpàkò rẹ̀ kò kúrò lápá òsì fóònù náà rárá, èmi rò pé bó ṣe ń di fóònù mú nìyẹn. Ìgbà tí mo délé ní Ìsọ̀kun ni mo mọ̀ pé apá òsì yẹn ló gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ kí iná tó lè dé ojú rẹ̀. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì. Ó ní bóyá mo ti là á mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹ gba fóònù náà sọ́wọ́ ara yín. Bí olówó rẹ̀ bá ń kánjú, ẹ jókòó. Ọmọ Òṣómàáló ni wá. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n á fi gba owó aṣọ wọn, ẹ lóṣòó ti fóònù náà títí ẹ ó fi tẹ gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ tán.

1. Ẹ pa á dé, ẹ mú apá òkè àti apá ìsàlẹ̀, kí ẹ rọra mì í sí ọ̀tún àti òsì. Kó jì díẹ̀ kò burú. Tó bá ń jì gbọ̀ngbọ̀n bí eyín àgbà, ojú ibi tó ń gbà sún ti jẹ.

2. Ẹ tì í sókè díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti kọjá ìdajì, sípíríǹgì inú rẹ̀ ló yẹ kó gbà á lọ́wọ́ yín, kó gbé e dókè fúnra rẹ̀. Tó bá dúró sí agbede méjì, sípíríǹgì ti ṣẹ́ tàbí ó ti kúrò ní ipò rẹ̀. Tó bá ń dún bí ẹni ń lọ ata gbígbẹ, erùpẹ̀ ló wà níbẹ̀; ìyẹn ṣeé fọ̀.

3. Èyí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ tan án, ẹ jẹ́ kí iná ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wá máa ṣí i lọ bí ìgbín, kí ojú yín wà lára rẹ̀. Ẹ dá a dúró ní ìdá mẹ́rin, ní ìdajì, ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Bí ìlà bá sáré kọjá lójú rẹ̀, bí àwọ̀ bá yí padà, bí iná bá ṣẹ́jú, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ó kéré tán. Flex tó ń kú lọ lè dákẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó jẹ́wọ́.

4. Ẹ fi síìmù yín sí i, kí ẹ tẹ *310# láti wo owó orí rẹ̀. Nọ́ńbà kan náà ni fún gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Nàìjíríà. Tó bá dáhùn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọlé. Lẹ́yìn náà ẹ pe ẹnì kan, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí ó ṣí. Bí ẹ kò bá gbọ́ ohùn rẹ̀, flex ni mo máa kọ́kọ́ fura sí kí n tó fura sí sípíkà etí, nítorí inú flex ni ohùn ń gbà dókè.

5. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnì, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti 1 dé #. Ẹ má fo 0 àti * torí pé ẹ̀yin kì í lò wọ́n. *310# tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ńkọ́?

6. Ẹ tẹ *#06#. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù náà (IMEI), tó ní díjítì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, máa yọ. Ẹ pa fóònù náà, ẹ yọ bátìrì, kí ẹ fi wé nọ́ńbà tó wà lórí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Bí wọn ò bá bára mu, wọ́n ti pààrọ̀ páńẹ́ẹ̀lì tàbí ara rẹ̀. Ó lè jẹ́ àtúnṣe lásán, ó sì lè jẹ́ ẹrù olè. Ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà yẹn wà lórí rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ fi í sílẹ̀.

7. Ẹ bi í pé kí ni kóòdù ààbò rẹ̀. 12345 ni Nokia máa ń fi sí i láti ilé iṣẹ́. Bí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín bá ti yí i padà, tí ẹni tó ń tà á kò sì mọ̀ ọ́n, ẹ kò ní lè dá ètò rẹ̀ padà sí bó ṣe wà níbẹ̀rẹ̀. Ẹ dán an wò níbẹ̀ níṣojú rẹ̀.

Àyẹ̀wò: ojú rẹ̀ kò ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ gbọ́ ohùn ẹni tí ẹ pè, òun náà gbọ́ tiyín, nọ́ńbà méjèèjì bára mu. Ó tó. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́wó.

Ìpele kẹta: Síìmù àti bátìrì

Síìmù tí wọ́n gé kékeré ló ń ba ojú síìmù jẹ́ jù. Ẹnì kan á ti férémù wọlé láìsí síìmù nínú rẹ̀, àwọn irin tín-ín-rín tó ń kan síìmù nínú fóònù á há sí ojú ihò náà, tó bá fẹ́ fà á yọ, ó ti fà wọ́n ṣẹ́. Ẹ má ti férémù òfìfo wọlé láé. Tí síìmù bá wà nínú rẹ̀, ẹ lẹ sẹ́lótéèpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ní ìhà tí kò ní wúrà, kó má bàa yẹ̀.

Bátìrì: ẹ gbé e sórí tábìlì tó tẹ́jú, kí ẹ fi ìka kan yí i. Bí ó bá ń yí bí òòyì, ó ti wú. Ẹ má lò ó, ẹ má gún un, ẹ má sì jù ú sínú iná ààtàn. Ẹnjiníà tó ní míítà lè wọ̀n ọ́n fún yín: èyí tó ti gba iná kún yẹ kó tó 4.2 fóólì. Nígbà tí ẹ bá ń ra tuntun, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. BL-5C gidi kì í ju 1020 mAh lọ. Èyí tí wọ́n bá kọ 3000 sí lára, irọ́ ni wọ́n kọ sí i, nítorí ibi tí wọ́n máa kó o sí kò fẹ̀ sí i.

Gbogbo ẹni tó ń ta fóònù ló máa sọ fún yín pé kí ẹ fi sí iná fún wákàtí mẹ́jọ kí ẹ tó lò ó. Bátìrì ayé àtijọ́, oní-nickel, ni wọ́n ń bá wí. Lithium ló wà nínú síláìdì yín. Tó bá ti kún, ó kún, fóònù fúnra rẹ̀ á sì dáwọ́ gbígba iná dúró. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni kí ẹ má ṣe ṣí i, pa á, ṣí i, pa á nígbà tí wáyà ṣájà bá wà ní ìdí rẹ̀. Ẹnu ṣájà máa ń jì, wáyà á sì máa fà á wọ́.

Àyẹ̀wò: lẹ́yìn tó bá kún, ẹ fi í sílẹ̀ lórí tábìlì láti alẹ́ di òwúrọ̀ láìpe ẹnikẹ́ni. Bí igi iná rẹ̀ bá dín ju ọ̀kan tàbí méjì lọ, bátìrì ti gbó, tàbí ohun kan ń jẹ iná nínú páńẹ́ẹ̀lì. Ẹ fi bátìrì mìíràn dán an wò kí ẹ tó dá páńẹ́ẹ̀lì lẹ́bi.

Ìpele kẹrin: Ètò tó yẹ kí ẹ yí padà lọ́jọ́ kìíní

Ẹ wọ inú ètò fóònù, kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ síláìdì. Orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ láti fóònù kan sí òmíràn, àmọ́ ohun méjì lẹ ń wá. Àkọ́kọ́: kí ó ti bọ́tìnì pa fúnra rẹ̀ tí ẹ bá pa á dé. Bí ẹ kò bá ṣe é, bọ́tìnì òkè tó wà níta á máa pe ènìyàn nínú àpò yín. Ìkejì: bóyá ṣíṣí rẹ̀ máa gbé ìpè. Mo fẹ́ràn kí ó gbé e. Àmọ́ bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó máa ń fẹ́ wo orúkọ ẹni tó ń pè kó tó pinnu, ẹ pa á.

Ẹ rántí pé lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí ẹ bá pa á dé lórí ìpè, ẹ ti gé e nìyẹn. Màmá kan lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà bá mi jà torí èyí, ó ní fóònù tí mo tún ṣe ń gé ọ̀rọ̀ mọ́ òun lẹ́nu. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló fi ń tì í dé bó ṣe ń fi fóònù sáàárín etí àti èjìká, tó sì ń wọn èlùbọ́.

Fún ẹni tó ń kọ Yorùbá ránṣẹ́: ẹ pa ètò tó ń ro ọ̀rọ̀ fúnni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò sọ "bawo" di nǹkan mìíràn. Lórí Nokia, bọ́tìnì # ló máa ń yí i padà. Lẹ́tà 160 ni àtẹ̀ránṣẹ́ kan ń gbà; bí ẹ bá fi ẹyọ ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo sí i, ó di 70, wọ́n á sì gba owó àtẹ̀ránṣẹ́ méjì lọ́wọ́ yín bí ọ̀rọ̀ bá gùn. Ohun tí àwọn ènìyàn kò mọ̀ ni pé à, è, ì, ò, ù àti é wà nínú àwọn lẹ́tà tí kì í dín in kù. Á, í, ó àti ú ni kò sí níbẹ̀. Mi ò mọ ohun tí a ṣe fún àwọn tó ṣètò rẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ pa á dé, ẹ tẹ bọ́tìnì òkè. Kò gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan pè yín, kí ẹ ṣí i, kí ẹ sọ̀rọ̀, kí ẹ pa á dé.

Ìpele karùn-ún: Àtàǹpàkò

Bí ẹ ò bá ní ka ibòmíràn, ẹ ka ibí.

Ẹ fi ìka mẹ́rin gbá ẹ̀yìn fóònù mú, apá ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n dì mú. Ẹ wò ó dáadáa: lábẹ́ ojú rẹ̀, nítòsí bọ́tìnì àárín, etí kékeré kan máa ń wà tó yọ sókè díẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ṣe fún àtàǹpàkò. Ẹ gbé e síbẹ̀, kí ẹ tì í sí iwájú. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tó bá ti dé ìdajì, ẹ fi í sílẹ̀ fún sípíríǹgì. Ẹ má tún tì í lọ pẹ̀lú agbára títí yóò fi gbá òkè "gbà!"

Tí ẹ bá fẹ́ pa á dé, ẹ fi ìka ìfábẹ̀lá tì í láti orí rẹ̀ wá sísàlẹ̀, ní àárín gbùngbùn. Bí ẹ bá tì í láti igun kan, apá òkè á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, igun náà á máa ha ojú ọ̀nà, ìgbà tí ẹ bá máa fi mọ̀, ó ti ń jì.

Àwọn ohun tó ń pa á, bí mo ṣe ń rí i:

Ṣíṣí i pa á fún eré. Ẹni tó bá ń ronú tàbí tó ń dúró de mọ́tò á máa ṣe "tàá-tàá, tàá-tàá". Mo mọ̀ pé ó dùn. Gbogbo "tàá" yẹn, flex ló ń san owó rẹ̀.

Fífi àgbọ̀n tàbí itan pa á dé, kí àwọn ènìyàn lè rí yín.

Àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò. Ẹ bá jókòó lé e lórí ọ̀kadà láti Iléṣà dé Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ọ̀nà tó ń gbà sún á tẹ̀, kò sì sí ẹnjiníà tó lè nà án padà kó rí bó ṣe wà. Àpò ẹ̀gbẹ́ tàbí àpò àyà ni kó wà, láìsí kọ́kọ́rọ́ àti owó wẹ́wẹ́.

Pọ́ọ̀ṣì onímágínẹ́ẹ̀tì. Èyí ń dààmú ọ̀pọ̀. Nínú púpọ̀ nínú àwọn fóònù yìí, mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan ló ń sọ fún páńẹ́ẹ̀lì bóyá ó ṣí tàbí ó pa dé. Bí mágínẹ́ẹ̀tì pọ́ọ̀ṣì bá wà nítòsí, fóònù lè rò pé òun ti pa dé nígbà tí ó ṣí, iná kípáàdì á kú, bọ́tìnì á dákẹ́. Wọ́n á gbé e wá fún mi pé ó bàjẹ́. Mo yọ pọ́ọ̀ṣì, ó yá.

Kí ẹ fún ọmọdé. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àyẹ̀wò: ẹ ṣí i níwájú dígí. Bí ojú fóònù bá ń tẹ̀ wọlé, tàbí tí àtàǹpàkò yín bá fi àmì ọ̀rá sí àárín ojú rẹ̀, ẹ ṣì ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ nu ojú rẹ̀ mọ́, kí ẹ lò ó fún ọjọ́ kan, kí ẹ sì wo ibi tí àmì ìka wà lálẹ́.

Ìpele kẹfà: Fífọ̀ ọ́ lásìkò ọyẹ́

Eruku pupa Iléṣà kò mọ ẹni tó ra fóònù lówó ńlá. Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ pa fóònù, ẹ yọ bátìrì. Ẹ ṣí i dókè, ẹ dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá ojú ọ̀nà méjèèjì tó ń gbà sún láti òkè wá sísàlẹ̀, kí erùpẹ̀ lè bọ́ sílẹ̀ dípò kí ó wọ inú. Ẹ rọ sípíríìtì sára aṣọ, kì í ṣe sára fóònù, kí ẹ nù ún. Ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó dá bátìrì padà.

Ẹ má fi òróró sí i kó lè máa yọ̀. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́. Òróró ń gbá eruku jọ, méjèèjì á di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ náà á sì há mọ́ flex. Ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ ẹ; itọ́ wà nínú èémí.

Àyẹ̀wò: ó gbọ́dọ̀ sún láìdún, bí ìgbà tí ẹ ń ṣí dúrọ́ọ̀ tí wọ́n fi ọṣẹ pa.

Ìpele keje: Tí flex bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í já

Àmì rẹ̀ kì í pọ̀: ojú tó ń funfun tó bá ṣí, ìlà tó ń ṣẹ́jú, sípíkà etí tó ń lọ tó ń bọ̀, iná tó ń kú ní ìdajì ọ̀nà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí àkọ́kọ́, ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà inú fóònù sórí síìmù tàbí sínú ìwé. Tí ojú rẹ̀ bá kú pátá, ẹ kò ní rí nǹkan kan kà mọ́.

Flex kò ṣeé lẹ̀. Bí ẹnjiníà bá ní òun máa fi wáyà jọ́ǹpà so ìlà tó já, ẹ gba fóònù yín padà. Ibi tó ń ká ló já, wáyà líle sì ni yóò fi síbẹ̀. Kò ní pẹ́ tó fi máa ṣẹ́. Ohun tí ẹ fẹ́ ni flex tuntun tó jẹ́ ti fóònù náà gan-an. Ẹ tú ti àtijọ́ kí ẹ tó lọ ra òmíràn, tàbí kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ fi wé: bó ṣe tẹ̀, iye ẹnu tó ní, ibi tí ẹnu kọ̀ọ̀kan dojú kọ. Bí ẹ kò bá rí i ní Iléṣà, ẹ wò ó ní Lágeere ní Ifẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, Computer Village ní Ìkẹjà ni. Èyí tí wọ́n yọ lára òkú fóònù máa ń dínwó, àmọ́ ó ti ká lọ́nà tí ẹ kò mọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é fúnra yín:

1. Ẹ yọ bátìrì àti síìmù. Ẹ fọwọ́ kan irin kan kí ẹ tó fọwọ́ kan páńẹ́ẹ̀lì.
2. Ẹ to àwọn sukúrù sórí ìwé funfun bí wọ́n ṣe wà lára fóònù. Wọn kì í gùn bákan náà. Èyí tó gùn jù lè lu páńẹ́ẹ̀lì tàbí ojú rẹ̀ jáde.
3. Ẹ ya fọ́tò bí flex àtijọ́ ṣe ká. Èyí ni wọ́n ń gbàgbé, tí wọ́n á wá ká tuntun sí ìdàkejì, kó sì já kí oṣù tó parí.
4. Èékánná ni kí ẹ fi gbé ẹnu rẹ̀ kúrò, kì í ṣe sukudiráfà.
5. Ẹ fi tuntun sí i. Ẹ tẹ ẹnu kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi gbọ́ "kẹ́". Ẹ jẹ́ kí ibi tó ń ká dẹ̀ díẹ̀. Ẹ má nà án tántán.
6. Kí ẹ tó dá sukúrù kankan padà, ẹ fi bátìrì sí i, ẹ tan án, kí ẹ ṣí i kí ẹ pa á dé lógún ìgbà, díẹ̀díẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ tún ṣe ìdánwò kẹta àti ìkẹrin ti ìpele kejì, bí ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ àlejò. Tó bá yege, ẹ dá àwọn sukúrù padà bí ẹ ṣe tò wọ́n. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù sórí ìwé, ẹ tún un tú.